Àwọn Òwú Tí Mo So Mọ́ Wáyà

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti dúró, láti ìgbà náà, ohun tí mò ń kọ kò ju orúkọ àwọn oníbàárà mi àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá dirun lọ. Bí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí mo bá pẹ́ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, ẹ fojú fò ó. N kì í lè sọ̀rọ̀ lójú èèyàn. Mo rò pé bóyá ọwọ́ mi á lè sọ ohun tí ẹnu mi kò lè sọ.

Mo rántí òórùn ike tó ń jóná kí n tó rántí ohun mìíràn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Dádì, ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan lápá Alesa. Ní ọjọ́ kan ó gbé àpótí géèmù ńlá kan wá sílé wa ní Eneka ní Port Harcourt, irú èyí tí wọ́n ń dúró síwájú rẹ̀ gbá. Àpótí náà ga jù mí lọ. Ó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ó ní ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn, ó ní bọ́tìnnì pupa àti funfun, ihò tí wọ́n ń ju owó ẹyọ sí sì wà lápá ìsàlẹ̀. Inú kíláàbù àwọn òyìnbó kan tí wọ́n ti kó ẹrù wọn padà sílùú wọn ló ti rí i. Dádì pe àwọn aládùúgbò jọ, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, ó sì ki wáyà rẹ̀ bọ iná.

Iná tí àwọn òyìnbó yẹn ń lò nínú ọgbà wọn kò lágbára tó iná ilé wa, kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára irin pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn àpótí náà, mo sì ti rí i. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tírè omi lọ́wọ́ mi, mò ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mò ń kọ́ àgbà lọ́gbọ́n lójú àlejò. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà dé "ẹ jọ̀ọ́ sà" nígbà tí nǹkan dún gbàù nínú àpótí, tí èéfín dúdú sì gba ihò owó jáde. Báyìí ni mo ṣe wà nígbà náà. Bí ilé bá ń jó, ó ṣeé ṣe kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí n kí àwọn ará ilé káàárọ̀.

Ohun tí mo fi mọ ibi tí wọ́n ń kọ agbára iná sí ni pé bàbá mi ń tún rédíò ṣe ní Ìkirè kí ó tó kú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo sì ti ń yọ́ òjé mọ́ wáyà kí n tó mọ ìrẹsì í sè. Òun àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Bí oníbàárà bá yin iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe, bàbá mi á ní, "Ọ̀gá mi ló ṣe é." Ọ̀gá náà á gbé orí sókè, á ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre, òun gan-an ló ṣe é." Wọ́n á máa ti ìyìn náà síra wọn títí oníbàárà á fi máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ní kúrò níbẹ̀ láìmọ ẹni tó ni iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń ṣe é.

Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mò ń pè ní Màmá, wá mú mi lọ sí Port Harcourt. Wọ́n ní màá máa lọ sílé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Mo lọ lóòótọ́, fún ìsáà méjì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ ilé pọ̀, Màmá ní kí n ṣì sinmi ìwé díẹ̀. Ìsinmi náà kò tíì parí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọkùnrin, Bọ̀dá ni mò ń pè é. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, Pidgin sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ó sì wà nílé. Òun ló kó Dádì yọ nínú ìtìjú. Ó yẹ inú àpótí tó jóná náà wò, ó ní, "Dádì, no throw am away. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ yẹn, a lè kì í sínú ẹ̀. A máa so bọ́tìnnì wọ̀nyí mọ́ kọ̀ǹpútà, géèmù á máa ṣiṣẹ́ látinú ẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ Onírédíò, oya, come help me."

Ọmọ Onírédíò ni orúkọ tó fún mi. Kì í fi ṣe èébú tán pátápátá. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi ẹran sílẹ̀ nínú abọ́ fún mi, bí mi ò bá sì lè yára ka ohun tó wà lórí fóònù rẹ̀, á kà á sókè fún mi láìfi mí ṣẹ̀sín.

A kó gbogbo rẹ̀ lọ sí gárééjì. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Bí ẹ bá tú kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí pátákó kékeré aláwọ̀ ewé kan nínú rẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, tí irin wẹ́wẹ́ tò sí etí rẹ̀ bí eyín. Bí èèyàn bá fi wáyà so eyín méjì pọ̀, lẹ́tà kan á jáde lójú kọ̀ǹpútà bíi pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà á kọ́kọ́ wá eyín méjì tó ń mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ máa fi òjé jó wáyà mọ́ wọn, ẹ máa wá fa wáyà náà dé abẹ́ bọ́tìnnì àpótí, kí ẹ kàn fi ọwọ́ lọ́ ọ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọwọ́ bá ti kan bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà á rò pé lẹ́tà ni wọ́n tẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Bọ̀dá gbá irin tí a fi ń yọ́ òjé mú níbi tó gbóná. Ó jù ú sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú korobá omi, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré. Kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní, "I no fit. Ọmọ Onírédíò, carry go." Ó fa àga sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń tẹ fóònù rẹ̀, bí ibì kan bá sì ṣókùnkùn jù fún mi nínú àpótí, òun ló ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Wáyà tí mo lò, inú okùn tẹlifóònù kan ni mo ti fà wọ́n yọ. Funfun ni gbogbo wọn, wọ́n lé ní ogún, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. N kò lè yára kọ̀wé débi tí màá fi lẹ ìwé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá lọ sínú àpótí ìránṣọ Màmá, mo gé òwú lóríṣiríṣi. Òwú pupa ni mo so mọ́ wáyà bọ́tìnnì tó ń yìnbọn, mo so pupa mọ́ ẹsẹ̀ bọ́tìnnì náà pẹ̀lú. Òwú aláwọ̀ ọsàn fún ọ̀pá bí wọ́n bá fà á sí ọ̀tún, aláwọ̀ ewé fún òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wáyà bá já, ẹni tí kò mọ̀wé rárá á kàn mú pupa padà sọ́dọ̀ pupa ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Dádì yọjú sí gárééjì. Èmi nìkan ló bá lórí ìdúró, pẹ̀lú irin gbígbóná lọ́wọ́ mi. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan wà nínú ìpàdé àwọn Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, tó ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Rumuomasi. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń sanwó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, lọ́dọọdún ó máa ń mú ẹnì kan ṣoṣo, á kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún méjì láìgba nǹkan kan, bí ẹni náà bá sì fẹ́ràn ìwé, á jẹ́ kó máa lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán. Dádì ní, "Bí nǹkan yìí bá ṣiṣẹ́ kí ìpàdé wa tó kan ilé yìí, èmi fúnra mi ni màá fà ẹ́ lé Ọ̀gá lọ́wọ́. Màá ní, ọmọ tó ṣe é rèé." Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń gbálẹ̀, bí mo bá ń fọṣọ, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń rí lára mi. Mo tiẹ̀ ti yan àwọ̀ rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan gòkè lójú àpótí náà, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, ó sì yìnbọn. Bọ̀dá fò dìde lórí àga, ó fi èjìká tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Màmá pè mí láti kíṣìnnì pé ẹ̀wà ń jóná. N kò gbá géèmù náà lọ́jọ́ yẹn, n kò sì gbá a ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ìpàdé náà bọ́ sí ọ̀sán Sátidé. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì àti ti epo, gbàgbé àdúrà tí wọ́n wá gbà, wọ́n tò síwájú àpótí bí ọmọdé. Ọ̀gá nìkan ni kò bá wọn gbá a. Ó lọ sẹ́yìn àpótí, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú tírè mínírà nígbà tí ó nàró.

Ó ní, "Ta ló jó wáyà yìí? Ọwọ́ ẹni yìí mọ́ gan-an. Àti òwú wọ̀nyí. Ta ló ronú kan òwú?"

Dádì wò mí. Bọ̀dá wò mí. Mo mọ̀ pé àsìkò mi ti tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ mi, èèyàn kì í na ọwọ́ gba ìyìn níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Á tì í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á sì tì í padà. Mo tẹ orí ba, mo ní, "Bọ̀dá mi ni, sà." Mo wá dúró de kí ó tì í padà.

Bọ̀dá fọwọ́ pa orí. "Ẹ ṣé sà," ni ó wí. "It no easy o."

Ọ̀gá wo ọwọ́ mi tó di tírè mú, ó rí àpá iná lórí ìka mi. "Ọmọbìnrin yìí ńkọ́?"

Bọ̀dá ní, "Ó ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú ni, sà. Ó tiẹ̀ fọwọ́ kan irin lọ́jọ́ kan, ó sunkún títí, ó ki ọwọ́ bọ inú omi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú wọn ní, "Sorry o, torch engineer." Mo gbójú sókè wo Dádì, nítorí òun mọ̀. Dádì gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn." Ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti ní òun ti rí ẹni tí òun máa mú lọ́dún yìí, kódà bí yunifásítì bá wọlé, kó máa wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Tírè náà kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé mínírà kárí gbogbo wọn, mo sì kúnlẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Dádì bá mi ní kíṣìnnì. Ó ní, "O káre. Àwọn èèyàn rí i pé wọ́n kọ́ ẹ nílé." Màmá ń ka ife. Ó ní, "Ìwọ náà rò ó wò, bí o bá lọ sí Rumuomasi, ta ni yóò máa se oúnjẹ? Ọlọ́run máa ń ṣe é bó ṣe dáa ni."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ní kí n gbá gárééjì. Mo gbá a tán, mo ṣí ẹ̀yìn àpótí, mo sì tú àwọn òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lára wáyà àti lára bọ́tìnnì. N kò gé wáyà kan. N kò ba nǹkan kan jẹ́. Géèmù ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo di àwọn òwú náà sí etí ìró mi, mo lọ sá aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Fúráìdé kan, Ọ̀gá ní kí Bọ̀dá gbé àpótí náà wá kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun lè rí i. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ní kí n jókòó tì í kó má bàa ṣubú. Ọ̀nà Eneka kún fún kòtò nígbà náà. Ní gbogbo kòtò tí a bọ́ sí, mò ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń já nínú àpótí, mo sì mọ ohun tó ń já. Mo gbá àpótí náà mọ́ra.

Ní Rumuomasi wọ́n gbé e sí àárín ilé iṣẹ́. Bọ̀dá ki iná sí i. Ojú rẹ̀ tàn, àmọ́ kò sí bọ́tìnnì tó dáhùn. Ọ̀gá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ṣebí wáyà ló kàn já kúrò lẹ́sẹ̀ bọ́tìnnì. Dá wọn padà." Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀. Ó rí wáyà funfun lé ní ogún, ó sì ń wá òwú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń wá òwú. Ó so ọ̀kan, ọ̀pá ń yìnbọn. Ó so òmíràn, ọkọ̀ òfurufú ń fi ẹ̀yìn rìn. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yí i ká. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn ní, "Oga Engineer, na wire be that o, no be spaghetti." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹlòmíràn. Òógùn ń kán láti imú Bọ̀dá bọ́ sórí wáyà. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n jẹun ọ̀sán, wọn kò jẹ́ kó dìde.

Ọ̀gá ní, "Kí ni wọ́n ń kọ́ yín gan-an ní yunifásítì?"

Bọ̀dá yí orí sí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò fi Pidgin sọ ọ́. Ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Wá bá mi ṣe é." Kò pè mí ní àbúrò rí.

Mo dáhùn, ohùn mi kò sì gbọ̀n. "Bọ̀dá, tọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n dì mú."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, ó tún wo àpá orí ìka mi. Ó ní, "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

Ó bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹni tó ń ti ìyìn sí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Òwú wà ní etí ìró mi, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wà ní ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá ní láti dìde kí n tún un ṣe, ẹ̀rín náà á sì dáwọ́ dúró, Bọ̀dá á nu òógùn rẹ̀ nù. N kò fẹ́ kí ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Mo ní, "Rárá, sà."

Ọ̀gá dìde. Ó ní kí Bọ̀dá gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé, kó má sì wá mọ́. Ẹlòmíràn ló mú lọ́dún náà, ará Ìjẹ̀bú kan tó ń sin ìlú. Ní ìrọ̀lẹ́ Dádì ní kí Bọ̀dá dúró ní àárín pálọ̀ lójú èmi àti Màmá, ó sì pè é ní ọ̀lẹ àti òpùrọ́, bíi pé òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa irọ́ náà. Bọ̀dá kò sọ pé èmi ni mo tú àwọn òwú náà. Ó lè sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Ọdún bíi mẹ́jọ ti kọjá. Mò ń dirun báyìí ní Rumuomasi, òwú ni mo fi ń di ti àwọn ìyá àgbà tí kò fẹ́ àtàṣímẹ́ǹtì, wọ́n sì máa ń sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Ilé iṣẹ́ Ọ̀gá kò jìnnà sí mi, mo máa ń rí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bọ̀dá kúrò nídìí kọ̀ǹpútà lọ́dún náà gan-an, ó lọ kọ́ nǹkan mìíràn, ìlú mìíràn ló ń gbé. Bí ọdún bá yí, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Àbúrò mi ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń gbà mí ní ọjọ́ púpọ̀ kí n tó fèsì.

Àwọn tí mo sọ díẹ̀ fún nínú ọ̀rọ̀ yìí ń bá mi bínú sí ilé náà. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n bínú. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni ohun tí mo ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé láti Rumuomasi.

Dádì ti jáde, Màmá lọ sọ́jà. Bọ̀dá ti ilẹ̀kùn mọ́ra nínú yàrá rẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yàrá náà àti gárééjì. Mo wọ gárééjì, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn àpótí, mo dá gbogbo wáyà náà padà sáyè wọn. N kò tiẹ̀ tú òwú jáde, ìka mi mọ̀ wọ́n. Mo ki iná sí i. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, kó lè la ògiri kọjá, mo sì gbá géèmù náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo gbọ́ tí ibùsùn rẹ̀ dún. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, kò ṣí i. Mò ń yìnbọn lọ, èmi náà kò pè é. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú mi jóná, mo pa iná, mo fa gbogbo wáyà náà yọ, mo lọ sí kíṣìnnì, mo tú etí ìró mi, mo da àwọn òwú náà sórí èédú tó ń jó, mo sì gbé omi tíì Bọ̀dá ka iná náà.